Ìka Tí Awárí Jí Gbé

Lẹ́tà ìlà mẹ́ta ló da ilé Bàbá Onímáṣíìnì rú. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Lẹ́tà náà wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Awárí, ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fi ń wá nǹkan lórí ayélujára. Ó ní ẹ̀rọ ti yẹ ìkànnì rẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀rọ rí i pé àdàkọ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, láti inú ìkànnì mìíràn tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Ó ní nítorí náà, wọ́n ti sún un sẹ́yìn.

Títí di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ "ẹ̀yà máṣíìnì ìránṣọ" sínú Awárí, ìkànnì Bàbá ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Irínwó ojú ìwé ló ní: bí a ṣe ń tún máṣíìnì àtijọ́ ṣe, àti ibi tí èèyàn ti lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn olùtajà kéékèèké. Lẹ́yìn lẹ́tà náà, ojú ìwé karùn-ún ló bọ́ sí. Ẹni tó bá sì wà ní ojú ìwé karùn-ún Awárí, òun àti ẹni tó wà nínú sàréè, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ni Ọjà Awárí, ilé ìtajà tí ilé iṣẹ́ Awárí fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló tẹ irínwó ojú ìwé náà. Bàbá ń sọ, ọmọ ń tẹ̀. Nígbà tí Bàbá ka lẹ́tà tán, ó pe ọmọ wá síwájú tábìlì iṣẹ́.

"Níbo lo ti jí i kọ?"

"Jí kí ni, Bàbá?"

"Àdàkọ ni wọ́n pè é."

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"Ogójì ọdún ni mo ti ń tún máṣíìnì ṣe," Bàbá wí. "Máṣíìnì kì í purọ́. Bí aṣọ bá bàjẹ́ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ọwọ́ ló bà á jẹ́. Ọwọ́ ta ló tẹ̀ ẹ́, èmi àbí ìwọ?"

Ọmọ náà gbé àpò rẹ̀, ó sì jáde nílé. Ọjọ́ tó bímọ, ẹlòmíràn ló sọ fún Bàbá lójú títì.

Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Bàbá Onímáṣíìnì ń lọ sí Àjọ Amójútó-Òwò, àwọn tí ìjọba yàn pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òwò ńlá fẹsẹ̀ tẹ òwò kékeré pa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé lọ. "Ẹ ní kí Awárí fi ojú ìwé tí mo jí kọ hàn mí. Ẹyọ kan péré." Ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà a máa ní, "Bàbá, ẹ tún ti dé?" Òun náà a ní, "Mi ò lọ rí."

Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ojú ìwé náà ṣe, a ní òun fẹ́ yọ ọ́ kúrò ni. Irọ́ ni. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ òun jalè tàbí kò jalè. Ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á sọ.

*

Ní ọdún kẹsàn-án, àjọ gbé ẹjọ́ náà lé Ìyá Atọpinpin lọ́wọ́. Obìnrin kúkúrú ni, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé kí àjọ tó gbà á síṣẹ́. Nígbà tí Bàbá wọlé, ó ń tú gbogbo tábìlì rẹ̀ wá gíláàsì ojú. Gíláàsì náà wà lórí rẹ̀ bíi fìlà.

"Ó wà lórí yín, Ìyá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Bàbá jókòó, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí kò rí gíláàsì tó wà lórí ara rẹ̀ ló fẹ́ bá òun wá olè.

"Wọ́n ti fi ojú ìwé náà ránṣẹ́," Ìyá Atọpinpin wí.

Bàbá na ọwọ́ gbà á.

"Ẹ fara balẹ̀. Olùtajà méjìlélọ́gọ́ta ló fẹ̀sùn kan Awárí pé ó ń ti àwọn sẹ́yìn kí Ọjà Awárí lè wà níwájú. Ọ̀tunla ni ìgbẹ́jọ́. Tiyín ni agbẹjọ́rò Awárí ní ká kọ́kọ́ gbọ́. Bí tiyín bá ṣubú, àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta yòókù á tẹ̀lé e bọ́ sínú kòtò."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi?"

"Wọ́n rò pé tiyín ló dáa jù fún wọn. Ẹ wò ó."

Ó tẹ́ bébà méjì sílẹ̀. Ti Bàbá wà lápá ọ̀tún, ti Ọjà Awárí lápá òsì. Bí a ṣe ń yọ bọ́bìnì, irin kékeré tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀ máṣíìnì, tó bá há ni wọ́n ń kọ́ni nínú méjèèjì. Bàbá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Nísàlẹ̀ bébà apá òsì, déètì wà níbẹ̀ gedegbe: ó fi ọdún méjì ju tirẹ̀ lọ.

Bàbá ti bébà náà sẹ́yìn bí ẹni tí ó fọwọ́ kan iná. Nítorí náà ọmọ jalè lóòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wá ìdáhùn. Nígbà tó rí i, ó fẹ́ kí wọ́n gbé e padà.

"Ẹ ti dájọ́ tán nìyẹn?" Ìyá Atọpinpin bi í.

"Déètì ló wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ò rí i?"

"Mo rí i. Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ wo ló ń mú bírò?"

Ìyá náà bọ́ gíláàsì, ó nù ún.

"Ní ilé ìkàwé, Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé kan sọnù kì í fà á ya. Bó bá fà á ya, àṣírí ti tú. Ṣe ló máa gbé e lọ sí ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, kó kì í bọ àárín àwọn ìwé nípa ìtọ́jú adìyẹ. Ẹnikẹ́ni ò jí ìwé. Ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Bí a bá mú ẹni náà, á ní, 'Nọ́ńbà ara ìwé ló gbé e débẹ̀.' Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bi wọ́n pé ta ló kọ nọ́ńbà."

"Bí ẹni tó kọ nǹkan lẹ bá ń wá," Bàbá wí, "mo mọ ẹnì kan."

*

Ẹni tó mọ̀ náà ni Oníbọ́tìnì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kí lẹ́tà tó dé, àwọn méjèèjì jà nítorí pátákó tí Oníbọ́tìnì gbé síta tó bo wíńdò Bàbá. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ọkùnrin náà ló fẹjọ́ òun sun Awárí. Kò kí i mọ́. Òjò ń rọ̀ o, oòrùn ń ràn o, kò kí i.

Oníbọ́tìnì rí wọn bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. "Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ṣé bọ́tìnì lẹ fẹ́, àbí ẹni tẹ́ ẹ mú wá yìí ló já tara yín?"

"Ìbéèrè ni mo gbé wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ Bàbá yìí sun Awárí?"

Oníbọ́tìnì lanu. Ó wo Bàbá, ó wo Ìyá Atọpinpin, ẹ̀rín sì gbé e ṣánlẹ̀ sórí àga.

"Èmi? Èmi tí mo ti rò láti ọdún mẹ́sàn-án pé òun ló fẹjọ́ mi sùn!"

"Irọ́ ni!" Bàbá ké.

"Irọ́ bàbá ta ni? Ẹ wo ògiri mi."

Lára ògiri, lẹ́yìn páálí bọ́tìnì, bébà méjì wà níbẹ̀ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà ìlà mẹ́ta, ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ti Bàbá. Èkejì jẹ́ ojú ìwé Ọjà Awárí nípa bí a ṣe ń wọn ihò bọ́tìnì.

"Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n kó síbẹ̀," Oníbọ́tìnì wí. "Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí n lè máa bú u láràárọ̀ kí n tó jẹun. Ó ń la ọ̀nà ọ̀fun mi."

Bàbá wò ó. Ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́lòmíràn láyé tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi òun.

Ìyá Atọpinpin tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ bébà náà. Lẹ́yìn náà ló yọ bébà ti Bàbá nínú àpò, ó tẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Déètì kan náà ni. Ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà, ọdún kan náà.

"Kòńgẹ́ ni," Bàbá wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bóyá yóò tún ṣe." Ó pe ọ́fíìsì rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ tú àwọn ojú ìwé Ọjà Awárí ti ọdún yẹn tí wọ́n kó wá. Ẹ máa ka déètì wọn fún mi. Rárá, kì í ṣe díẹ̀. Gbogbo rẹ̀."

Ìdáhùn dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹgbàáta ojú ìwé. Déètì kan ṣoṣo.

Oníbọ́tìnì pàtẹ́wọ́. "A ti mú wọn!"

"A ò tíì mú wọn," Ìyá Atọpinpin wí. Ó ti pe agbẹjọ́rò Awárí náà lórí fóònù. "Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn làwọn kó gbogbo ẹrù àwọn sínú ẹ̀rọ tuntun, pé déètì ìkẹ́rù ni, pé àwọn ojú ìwé náà tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ sì gbà wọ́n gbọ́?" Bàbá bi í.

"Rárá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìdáhùn yẹn ti wà lápò wọn, ó sì ti gbóná dáadáa. Alága ìgbẹ́jọ́ lè gbà á. Ohun tí mo ń wá báyìí ni nǹkan kan nínú ojú ìwé yìí tí kò lè wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó wà. Ta ló tẹ tiyín?"

Bàbá wo títì. "Ọmọ mi ni."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá a."

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ."

"Bàbá, mo ti dàgbà ju kí n máa fa àgbàlagbà lọ́wọ́. Ẹ dìde."

*

Ilé ìtẹ̀wé ni Àbíkẹ́yìn ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi bírò pupa yọ àṣìṣe inú rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kún inú ilé, òórùn tàdáwà sì wà lára gbogbo nǹkan. Nígbà tó rí wọn, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Atọpinpin dáadáa. Ó wá kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Sà. Bí ẹni tó wá ra káàdì ìgbéyàwó. Bàbá mi orí, ó lọ dúró ti òkìtì bébà.

"Mi ò ní pẹ́," Ìyá Atọpinpin wí fún ọmọ náà. "Ìgbà wo lẹ tẹ ojú ìwé yìí, ìwọ àti bàbá rẹ?"

"Ọdún tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ gé wọn lọ́wọ́. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí. Ẹni tí kò lè jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má baà ya wèrè bá wa."

"Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́?"

"Wọ́n á ṣe é lójú mi pẹ̀lú bándéèjì lọ́wọ́, wọ́n á máa sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń tẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa máṣíìnì. Mi ò tilẹ̀ lè rán bọ́tìnì."

"O ò fi nǹkan kan kún un?"

"Ta ló jẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ wọn?"

Ìyá Atọpinpin rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára òkìtì bébà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

"Ìbéèrè kan kù," ni obìnrin náà wí. "Lọ́jọ́ tó pè ọ́ lólè, kí ló dé tí o ò bá a jiyàn?"

Ọmọ náà mú bírò pupa rẹ̀. "Mo bá wọn jiyàn, Mà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ọmọ ẹ̀ lọ, kí lèèyàn tún fẹ́ wí fún un?"

*

Ní ọ̀nà, ojú ìwé náà wà lórí itan Ìyá Atọpinpin, ó ń kà á bí ẹni tí ń ka àdúrà. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Bàbá gbé máṣíìnì kan kalẹ̀.

"Ẹ ṣe ohun tí mo bá kà. Ohun tí mo bá kà nìkan." Ó fa bébà náà súnmọ́ ojú. "'Yí wíìlì wá sọ́dọ̀ ara rẹ títí abẹ́rẹ́ yóò fi gòkè pátápátá.'"

Bàbá yí i.

"'Ṣí ìdérí ìsàlẹ̀. Fi àtàǹpàkò àti ìka àárín mú àpò bọ́bìnì, kí o sì fà á jáde ní gbọọrọ.'"

Bàbá ki ọwọ́ òsì bọ ìsàlẹ̀, bọ́bìnì sì jáde wẹ́rẹ́.

Ìyá náà ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsọ ọ́ síta. Ó wá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe Oníbọ́tìnì láti òdìkejì títì.

"Ẹ bá mi yọ bọ́bìnì yìí jáde."

"Ṣé ìdánwò ni?" Oníbọ́tìnì jókòó, ó fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e mú un, ó fà á jáde.

Ìyá Atọpinpin tún jáde. Ó mú aránṣọ kan wọlé láti ilé kejì, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà. Òun náà fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e mú un. Aránṣọ náà ní òun ò rí ẹni tó ń fi ìka àárín mú bọ́bìnì rí, pé ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn fi ìgúnpá mu omi.

"Bàbá," Ìyá Atọpinpin wí, "ta ló kọ́ yín pé ìka àárín ni?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èyí tó yẹ kí n fi mú un, mi ò ní i—"

Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò kò ju ìdajì lọ. Ibi tí bẹ́líìtì ti gé e dán bí òkúta odò. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kì í rí i mọ́, àfi bí òtútù bá mú.

"Ìgbà wo ni bẹ́líìtì gé e?"

"Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọdún kan kí lẹ́tà tó dé."

"Déètì Ọjà Awárí ńkọ́?"

"Ọdún méjìlá." Bàbá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń gun àkàsọ̀ tí kò dá a lójú. "Ní ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n kọ ọ́, ìka mi pé lọ́wọ́ mi."

"Bó bá pé, kò sí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi máa kọ ìka àárín. Ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ì bá ti rí àṣìṣe yẹn, ì bá sì ti tún un ṣe kó tó kó o. Ṣùgbọ́n àwọn tó jí i kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó. Bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe kó o lọ."

"Wọ́n jí iṣẹ́ mi," Bàbá wí, "wọ́n jí ọgbẹ́ mi mọ́ ọn."

Inú bí i, ó sì dùn mọ́ ọn pé inú ń bí i. Ṣùgbọ́n kí ìbínú náà tó dé orí, ohun mìíràn bá a lójú ọ̀nà. Bí ìka náà bá wà nínú ọ̀rọ̀, ọwọ́ òun ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òun ló ti jáde, ọmọ kò jí nǹkan kan. Kò jí i rí. Ó di etí tábìlì mú.

"Ìyá," ó wí, "ọmọ yẹn..."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ àjọ, Bàbá." Obìnrin náà ti ń wá gíláàsì rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ yẹn wà. Ilé ìwòsàn wo ló tọ́jú yín? Mo fẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn kó tó di ọ̀la."

*

Yàrá ìgbẹ́jọ́ kò tóbi. Tábìlì gígùn kan, àga bí ogún, fáànù kan tó ń mi orí bí àgbà tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Alága jókòó sí àárín, akọ̀wé rẹ̀ sì ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Oníbọ́tìnì àti àwọn olùtajà mìíràn kún ẹ̀yìn. Àbíkẹ́yìn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, nítorí àjọ pè é pé kó wá jẹ́rìí. Kò wo apá ibi tí bàbá rẹ̀ wà.

Ẹni tí Ìyá Atọpinpin pè jókòó síwájú ni Ọ̀gá Olùtò, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó wà nídìí bí Awárí ṣe ń to ìkànnì lọ́dún yẹn. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà fa àga mọ́ ọn bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹran.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń to ìkànnì nígbà yẹn, sà?"

"Ẹ̀rọ ló ń tò ó. Èmi kàn ń tọ́jú ẹ̀rọ ni."

"Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ẹni tó jí ọ̀rọ̀ kọ?"

"Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra, èyí tí déètì rẹ̀ pẹ́ jù ló ni ín. Èkejì ni àdàkọ."

"Bíi ká fi ọjọ́ ìbí mọ ẹ̀gbọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí?"

"A ti dáhùn èyí," agbẹjọ́rò wí. "Déètì ìkẹ́rù ni."

"Mo gbọ́, sà. Ẹgbàáta ọmọ lẹ bí lọ́jọ́ kan. Ẹ kú ewu ọmọ."

Ẹ̀yìn yàrá bú sẹ́rìn-ín. Alága kan tábìlì. Ìyá Atọpinpin kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yọ àpò bọ́bìnì kan, ó gbé e síwájú Ọ̀gá Olùtò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un."

Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e mú un.

"Ẹ ṣeun. Ojú ìwé yín ní ìka àárín ni. Gbogbo ẹni tí mo fún ló mú un bí ẹ ṣe mú un, àfi ẹnì kan." Ó gbé ìwé ilé ìwòsàn lé tábìlì. "Ọdún méjì lẹ́yìn déètì yín ni wọ́n gé ìka ẹni náà. Ẹ ṣàlàyé fún mi, sà. Báwo ni Ọjà Awárí ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ ń bọ̀ wá gé ọkùnrin yìí lọ́wọ́?"

"Ẹ má dáhùn," agbẹjọ́rò wí.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá pé kó dìde, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó rìn lọ síwájú, ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́bìnì. Ọ̀gá Olùtò wo ìka náà.

"Mo ní ẹ má dáhùn," agbẹjọ́rò tún wí.

"Mo ti fẹ̀yìn tì," Ọ̀gá Olùtò wí. "Ẹ jẹ́ n sọ ọ́." Ó gbé bọ́bìnì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ọjà Awárí kò yọrí. Ẹ̀rọ ń gbé e sí ojú ìwé kẹrin, torí ìkànnì àwọn olùtajà kéékèèké làwọn èèyàn ń ṣí. Àwọn ọ̀gá ní kí n gbé e wá síwájú. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ò gbà. Wọ́n ní kí n wá ohun tí yóò gbà. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí ẹ̀rọ yẹn kì í yẹ̀ wò: déètì. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló ń gbà. A kó ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sínú Ọjà Awárí, mo sì fún gbogbo rẹ̀ ní déètì tó pẹ́ ju tiwọn lọ. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀rọ ṣe ìyókù."

"Kí lẹ wá ṣe fún ọkùnrin yìí?" Ìyá Atọpinpin bi í.

"A jí ẹrù rẹ̀, a sì pe onílé lólè."

Ariwo sọ lẹ́yìn yàrá. Oníbọ́tìnì ti gun orí àga. Agbẹjọ́rò ń kó bébà rẹ̀ jọ láìwo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilé rọ̀, alága kọjú sí Bàbá Onímáṣíìnì, tó ṣì dúró níbi tó wà.

"Bàbá, ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀?"

Ó ní ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi pọ́n ọn. Ó ní èébú tó wà fún Awárí, ó ní èyí tó wà fún Ọ̀gá Olùtò, ó ní ti agbẹjọ́rò lọ́tọ̀. Ó lanu kó bẹ̀rẹ̀, kò sì rí ọ̀kan mú nínú wọn. Olè ti jẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹ́wọ́ nínú yàrá náà ku ẹyọ kan.

Ó yí padà sí wíńdò.

"Ọmọ mi tó jókòó yìí kò jalè," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Awárí parọ́ mọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn ò bá mi gbé, wọn ò mọ̀ mí. Èmi mọ ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo gba ìlà mẹ́ta gbọ́, mo sì lé e jáde nílé. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀."

Àbíkẹ́yìn gbé ojú sókè. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí kọ̀ǹpútà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Akọ̀wé ò kọ ọ́ sílẹ̀ o," ọmọ náà wí. "Ẹ tún un sọ."

Bàbá na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, ó sì tún un sọ, sókè, títí tí àwọn tó wà níta fi gbọ́.